Ọ̀rẹ́ Mi Tó Kọ́kọ́ Sẹ́tùlù

Ìró kọ́kọ́rọ́ ló máa ń rán mi létí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde yunifásítì. Kó tó sọ̀rọ̀, á ti mú kọ́kọ́rọ́ fúláàtì rẹ̀ tó wà ládùúgbò Àgùdà, á mì ín. Nígbà náà, ẹni tó níṣẹ́, tó nílé, la ń sọ pé ó ti sẹ́tùlù. Ọmọbìnrin tí àwa méjèèjì ń dẹnu kọ bi wá pé, “Ẹ̀yin bọ̀dá, èwo nínú yín ló ti sẹ́tùlù?” Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi mú, ó mì ín. Òun ló fẹ́ ẹ.

Nígbà tó yá, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà di rìbá lẹ́nu ará Èkó: “Ọ̀gá, ẹ sẹ́tùlù wa jàre!” Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Àmọ́ lánàá, mo gba Àgùdà kọjá, mo rí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi yìí tó ń bá ọkọ rẹ̀ tu ewú ní bákóní wọn. Ọ̀rẹ́ mi rí mi, ó sì mi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí mi.