Ìbòjú Pupa ní Gbọ̀ngàn Woolwich

Lọ́dún tí àwọn ará abúlé kan láti Jàpáànù wá ṣe ọdún ijó wọn ní gbọ̀ngàn kan ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Kagura ni wọ́n ń pe ijó náà. Níwájú òrìṣà ni wọ́n ti máa ń jó o nílé wọn, ìbòjú ni wọ́n sì fi ń jó o.

Ìbòjú yẹn ni kò jẹ́ kí n fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú, ní ìdájí, bí mo ṣe ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Tavy Bridge, ọkùnrin méjì tó fi aṣọ bojú lù mí títí mo fi dákú. Wọn ò mú nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí ẹni tó bojú, mo ti sá kí n tó ronú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń kun ògiri, tó fi nǹkan bo imú, ni mo sá fún nígbà kejì. Ọ̀gá wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ti sọ fún mi pé tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun ò ní lè bá mi bẹ àwọn òyìnbó mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

"Àǹtí, wọ́n ní ìbòjú wọn ń dẹ́rù bani o."

"Eégún Jàpáànù ni. Kò mọ̀ ẹ́, kò mọ ìyá ẹ. Gbálẹ̀ ẹ jàre."

Mo ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn pèpéle nígbà tí ọ̀kan yọ sí mi: ojú pupa, ìwo méjì, eyín wúrà. Mọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn ìta.

Ó dúró. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn orí, ó tú okùn. Bàbá arúgbó kan ló jáde lábẹ́ rẹ̀, tó ń làágùn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé ìbòjú náà wọ̀, ó bọ́ ọ, ó tún gbé e wọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n lè rí i. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì na okùn náà sí mi kí n bá òun so ó.

Ọmọ Aládùúrà ni mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n fọwọ́ kan nǹkan òrìṣà ẹlòmíràn, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo so ó. Okùn náà dẹ̀, ìbòjú yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Mo tún un so. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ó lọ jó.

Àǹtí yọjú. "O ṣì wà níbí?"

"Mo wà níbí, Àǹtí."

"Ó dáa. Lọ wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin, ó ti bàjẹ́."

Mo gbé báàkẹ́tì. Lọ́nà, àwọn mẹ́ta mìíràn tó bojú ń bọ̀. Mo fara mọ́ ògiri, mo dijú títí wọ́n fi kọjá tán, mo sì lọ fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì.