"To" Tí Mo Túmọ̀ Sódì

Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó sá kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ti irọ́ pípa, mo kà á yanjú. Gbogbo Sabon Gari ló mọ̀ pé mo kọ́ ràkúnmí kan ní Yorùbá rí. Àràárọ̀ ló ń kí mi. Iké ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe irọ́. Ì bá wù mí kó jẹ́ irọ́.

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ń tún fóònù ṣe ní Enugu Road. Kano ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú a máa tì í láti sọ ọ́. Hausa ló fi ń dáhùn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá àbúrò ìyá rẹ̀ gbé nítòsí wa, ni àwọn méjèèjì bá fẹ́ràn ara wọn. Ọmọbìnrin náà á gbé máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ọmọ ọmọ mi á yí fáànù kọjú sí i, òun á wá máa làágùn. Bí wọ́n bá jà láàárọ̀, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun lọ́sàn-án. Èmi àti ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Bàbá, mo ní kó wá rí àwọn òbí mi nílé. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Tó.' Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé kò tí ì gbọ́ Hausa tán. "To" tí àwọn Hausa ń wí, "ó dára, mo gbà" ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi.

"Háà! Ó tó náà nìyẹn! Ó ti yó. Ìwọ fẹ́ èmi, èmi ò tí ì yó."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá di ọ̀la, màá là á yé e.

Kí ọ̀la tó mọ́ dáadáa, ó ti wọkọ̀ lọ sílé. Ẹnu àgbà ló gbà gbọ́. Ọmọ mi pè é títí, kò gbé fóònù.

"Baba, kí ni mo ṣe fún un?" Yorùbá ló fi bi mí, kò sì ṣì í sọ.

Mo ní bóyá ràkúnmí mi ló gbé e lọ. Ojú ló tì mí.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà gbé obì wá fún mi: ọmọ wọn ti lọ sílé ọkọ. N kò lè jẹ obì náà. Mo mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Ọmọ mi gbé irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo àga tó ṣófo níwájú fáànù.

"To," ló wí.

N kò mọ̀ bóyá Hausa ni, àbí Yorùbá. Ẹ̀rù sì bà mí láti bi í.