Ìyálé Tí A Dá Lẹ́bi Láìka Ìwé Tán

Méjì nínú ogójì. Iye àwa tí a ka ìwé ìtàn náà dé òpin nìyẹn, nínú kíláàsì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ti gba máàkì tó dára. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kí iye náà jáde kúrò nínú iyàrá yẹn. Mo sì pa á mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí mo sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, Ajégúnlẹ̀ ni a sì ń gbé. Bàbá mi ń wa tírélà láti ẹnu ibùdókọ̀ òkun gba Liverpool Road kọjá. Ìyàwó méjì ni ó ní. Ìyá mi ni ìyàwó kékeré; ìyálé rẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kò bímọ, kò sì mọ̀wé. Aṣọ ni ó ń fọ̀ fún ìdílé ọ̀gá kan ní Àpápá GRA, yóò sì tún kó lára rẹ̀ wálé wá lọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín: òun àti ìyá mi kì í jẹun nínú àwo kan náà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìwé ìtàn àròsọ kan wà tí wọ́n yàn fún wa. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní, ọwọ́ olùkọ́ wa ni ó sì wà. Ẹ̀yìn ìwé náà nìkan ni àwa ń rí. Ohun tí a ń rí gbà ni nóòtì tí olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó, tí àwa náà ń dà kọ. Ìtàn náà kò ṣòro. Ọmọ ìyàwó kékeré ń ṣe gìrì. Ìyá rẹ̀ gbé e sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ìyálé, ẹni tí ó mọ egbògi rẹ̀. Ìyálé ti ilẹ̀kùn, ó fi igi dábùú rẹ̀, kò sì dáhùn. Nóòtì wa wá kà báyìí: “Ìwà ìyálé: òǹrorò ni, ẹlẹ́tanú ni, kò láàánú. Kókó ọ̀rọ̀: orogún kì í fẹ́ràn ọmọ orogún rẹ̀.”

Mò ń há a sórí nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà sì ń fi ayọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ mi.

“Ta ni òǹrorò?” ni ó bi mí.

“Ìyálé inú ìwé ni, Ìyá Àgbà.”

“Kí ló ṣe?”

Mo sọ fún un. Ó tẹ ayọ́ọ̀nù mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan. “Kí ló dé tó fi tilẹ̀kùn?”

“Kò sí nínú nóòtì.”

“Ẹni tó kọ nóòtì ńkọ́, ṣé ó wọlé bá a?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìta ni wọ́n dúró sí dájọ́. Ẹ kú ẹjọ́ o.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìdílé tí ó ń bá fọṣọ fẹ́ kó kúrò ní Àpápá. Wọ́n fẹ́ dáná sun páálí ìwé kan. Ìyá Àgbà tọrọ rẹ̀. Ó ru páálí náà láti GRA títí dé ilé wa, tí ó ń yà fún tírélà lójú ọ̀nà, ó sì sọ̀ ọ́ sí iwájú mi. “Mi ò mọ èyí tó dáa níbẹ̀. Ìwọ wò ó.” Ìwé tiwa wà láàárín wọn, odindi.

Mo kà á. Bí ìtàn ṣe dé ibi ilẹ̀kùn, kò dúró. Ìyálé náà ti rí ilẹ̀ gbígbóná lára ara rẹ̀ ní àná ọjọ́ yẹn, àrùn tí í ràn bí iná ọyẹ́. Bí ó bá fọwọ́ kan ọmọ náà, ọmọ yóò kó o. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ìyá ọmọ yóò já ilẹ̀kùn wọlé láti wá tọ́jú rẹ̀. Ó dákẹ́. Ọmọ náà yè. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n bá òkú ìyálé níbi tí ó fi ẹ̀yìn tì í.

Mo ka apá yẹn fún Ìyá Àgbà. Ó ní kí n tún un kà.

Nígbà tí ìdánwò dé, ohun tí mo kà ni mo kọ. Olùkọ́ fún mi ní òdo, ó sì fi báírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kò sí nínú nóòtì. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Lọ́yà Ìyálé. “Lọ́yà, oníbàárà ẹ ti jẹ̀bi o,” ni wọ́n ń pariwo tẹ̀lé mi. Mo lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín; ohun tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni pé bàbá mi ti pinnu pé ọdún tí mo bá fìdí rẹmi ni n óò fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Olùkọ́ ní òun yóò gbà kí n tún ìdáhùn náà kọ, bí mo bá lè kọ ọ́ bó ṣe wà nínú nóòtì. Ìyá mi bẹ̀ mí: “Kọ ohun tí wọ́n fẹ́, ọmọ mi, kí o lè gòkè.” Mo kọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà wọ́ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìwé lábẹ́ apá rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú, èmi ò mọ̀wé. Ẹ bá mi ka ibi tó kẹ́yìn nínú èyí.”

“Ìyá, kíláàsì ń lọ lọ́wọ́.”

“Kí gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ náà.”

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ó ṣe ń kà ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó mú ìwé tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹnu ilẹ̀kùn ni ó parí sí; ìyókù ti já. Ó ní kí ẹni tí ó bá ti ka ìwé náà tán nawọ́. Èmi nìkan ni mo nawọ́ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógójì. Ó wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Pẹ̀lú èmi, ó di méjì nínú ogójì báyìí,” ni ó wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún èmi àti Ìyá Àgbà: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí èyí má jáde. Bí olùkọ́ tó ṣáájú mi ṣe fi nóòtì yìí lé mi lọ́wọ́ nìyí.”

Ó fún mi ní máàkì tí yóò gbé mi kọjá. Kò pa nóòtì náà rẹ́.

“Àwọn tó kù ńkọ́?” ni Ìyá Àgbà bi mí lọ́nà ilé. “Ṣé wọ́n á yí tiwọn padà?”

Mo ní rárá. Mo ti gba máàkì, mo sì pa ẹnu mọ́: ìpín tèmi nínú ẹ̀bi náà nìyẹn. Máàkì yẹn ló gbé mi dé yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ pé ìwà ẹ̀dá ìtàn kì í ṣe òǹtẹ̀ tí a ń lù mọ́ ọn lórí bí ẹrù ibùdókọ̀ òkun. Ohun tí ó ṣe, ohun tí ó kọ̀ láti ṣe, àti ìdí rẹ̀, ni a fi ń wá a. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò mọ ‘a’ yàtọ̀ sí ‘b’ ti kọ́ mi ṣáájú wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, tí ó ń kàwé ní Ajégúnlẹ̀ kan náà, fi nóòtì kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n tún ti yan ìwé náà. “Òǹrorò ni, ẹlẹ́tanú ni, kò láàánú.” Mo bi í bóyá ó ti ka ìwé fúnra rẹ̀. “Màmá àgbà, ta ló ń ka ìyẹn? Nóòtì ti wà ńlẹ̀.” Mo fún un ní ìwé tí Ìyá Àgbà rù wálé. Ó kà á ní ọjọ́ méjì, ó pa á dé, ó ní: “Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn.”

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Nígbà tiwa, ojú ìwé ló já. Lónìí, ojú ìwé pé, ó wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n a ti kọ́ àwọn ọmọ pé ṣíṣí i kò pọn dandan, nítorí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè kò ṣí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń yan ìwé, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fọwọ́ sí nóòtì, ẹ̀yin tí ẹ ń máàkì, ẹ gbọ́. Mo ń béèrè pé kí nóòtì náà kúrò nílẹ̀. Mo ń béèrè pé kí ẹ bi àwọn ọmọ wa ní ìbéèrè tí ẹni tí kò kàwé kò lè dáhùn. Ọmọ ọmọ mi yóò jókòó ṣe ìdánwò yín, ohun tí ó kà ni yóò sì kọ. Kí ẹni tí yóò gbé báírò pupa sí i kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kí ó wọlé, kí ó sì rí ẹni tí ó fi ẹ̀yìn tì í.