Mo Lọ Wo Tẹ́níìsì Orí Koríko ní Ọ̀tà

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Ìyàwó mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó di gààrí àti róbó fún mi, ó sì tún iṣẹ́ tó rán mi rán: kí n sọ fún Rọ́fíátù, àbígbẹ̀yìn wa, pé kó fi eré tẹ́níìsì sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ náà ṣubú lórí pápá, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì fi ọ̀pá rìn pẹ́. Ọ̀tà ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ pé ó tún fẹ́ gbá àṣekágbá ìdíje àwọn òṣìṣẹ́, kò sùn dáadáa mọ́. Ní tèmi, káfíńtà ni mí, tẹ́níìsì kò yé mi. Mo kàn fẹ́ fojú rí ọmọ mi.

Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Adó-Àwáyé. Ní Abẹ́òkúta, mo wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ Ṣàngó. Láti Ìtòrì dé Ìfọ̀, ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ ju ọkọ̀ èrò lọ, gbogbo wọn sì ń sáré bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó ni mo ti jẹ ìrẹsì ọ̀fadà inú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó ń ta sánsán fún irú. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni. Ó wọ́n ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lá ewé náà.

Ọmọ Ìwó ni ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi láti ibẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ibi tẹ́níìsì ni mò ń lọ, ó bi mí bóyá èmi ni kóòṣì. Mo ní bàbá ẹni tó fẹ́ gbá a ni mí. Látìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí èrò kankan fún mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ̀yìn ilé táwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ni pápá náà wà. Koríko ni, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Nílé wa, àgbàlá tó bá hu koríko, a ó ní ọ̀lẹ ló ń gbébẹ̀. Níhìn-ín, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń gé e mọ́lẹ̀ bí irun ọmọ tuntun, wọ́n sì ń lé ẹni tó bá wọ bàtà onígìgísẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní bọ́ọ̀lù kì í fò sókè púpọ̀ lórí koríko, ṣe ló ń yọ̀ lọ bí ẹja.

Bí wọ́n ṣe ń ka ayò tún ṣàjèjì. Èyí àkọ́kọ́ ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èkejì ọgbọ̀n, ẹ̀kẹta ogójì. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, “lọ́ọ̀fù” ni wọ́n ń pe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí òyìnbó fi ń pe ìfẹ́. Ní Ìṣẹ́yìn, a ò tíì gbọ́ ibi tí ìfẹ́ ti jẹ́ òdo.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló nira fún mi jù. Nílé, ẹni tó ń wòran ayò ọlọ́pọ́n a máa bá àwọn tó ń ta á jà. Níhìn-ín, nígbà tí mo kí ọmọ mi kú iṣẹ́ láàárín eré, rẹfirí yíjú sí mi, ó sì gbé ìka lé ètè. Mo dákẹ́ bí ọmọ ilé-kéú.

Rọ́fíátù wọ ṣòkòtò gígùn àti híjáàbù funfun. Àǹtí Fúnkẹ́ ló ń bá gbá, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ìpele mẹ́ta ni eré náà, ẹni tó bá gba méjì ló ni ife. Àǹtí Fúnkẹ́ gba àkọ́kọ́, ọmọ mi gba èkejì. Inú ẹ̀kẹta ni wọ́n wà tí òjò wínníwínní fi bẹ̀rẹ̀. Rọ́fíátù sáré tọ bọ́ọ̀lù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, orúnkún tó yẹ̀ lọ́jọ́sí ló sì fi gúnlẹ̀.

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Rẹfirí wo aago, ó ní bí kò bá lè dìde láìpẹ́, Àǹtí Fúnkẹ́ ló borí. Gbogbo wa wo obìnrin náà. Ó gbé ràkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì àwọ̀n, ó sì jókòó sórí koríko tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

“Àbúrò mi, má kánjú dìde,” ló wí. Ó wá kọjú sí rẹfirí. “Èmi ni mo ní ká dúró kí òjò dá. Ẹ má kà á sí i lọ́rùn.”

Rẹfirí ronú díẹ̀, ó gbà. Nígbà tó yá, Àǹtí Fúnkẹ́ na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, àwọn méjèèjì sì jọ rìn lọ sábẹ́ ìbòòji. Nígbà tí òjò dá, wọ́n kó fóòmù àti tówẹ̀lì jáde, àwa òǹwòran náà sì bọ́ bàtà, a bá wọn nu pápá. Èmi tí mo ti ń fi ọkọ́ bá koríko jà láti kékeré, mo kúnlẹ̀, mò ń nù ún bí àwo.

Rọ́fíátù fò sókè díẹ̀ láti dán ẹsẹ̀ wò, ó mi orí sí rẹfirí pé ó ti dáa, eré sì tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló fi borí. Àǹtí Fúnkẹ́ dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun ò ní dúró de òjò kankan.

Nírọ̀lẹ́, nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Ìlò-Awẹ́la, mo yẹ orúnkún náà wò. Kò wú. Mo jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún un. Kò bá mi jiyàn.

“Bàbá, ẹ̀rù ba èmi náà nígbà tí mo wà nílẹ̀,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá lè dìde.”

Mo ní màá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe wí i.

Nígbà tí mo padà délé lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi jẹ́ kí n fọ ẹsẹ̀ ná kó tó bi mí. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀, n kò fi ìṣubú náà pamọ́. Ọ̀rọ̀ ife kò jẹ ẹ́ lógún. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: ta ló gbé ọmọ òun dìde? Mo ní ẹni tí wọ́n jọ ń figagbága ni. Ohun tí ìrìn àjò yìí fi yé mi nìyẹn: ọmọ lè wà níbi tí òbí rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni, kí ó sì ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀.

Ìyàwó mi gbé fóònù mi lé mi lọ́wọ́. Ó wá ní kí n pe Rọ́fíátù, kó fún òun ní nọ́ńbà obìnrin náà, òun fẹ́ kí i. Nígbà tí fóònù obìnrin náà ń dún lọ́hùn-ún, ó jókòó dáadáa, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé, bí ẹni pé Àǹtí Fúnkẹ́ máa rí òun.