Bátìrì Kejì Losalini

Nígbà tí ìjì gé iná abúlé wa ní erékùṣù Taveuni, Losalini fi bátìrì tí oòrùn ń fún lágbára gbé fíríìjì ró, kí oògùn àtọ̀gbẹ ìyá rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í kọ ẹ̀bẹ̀ aládùúgbò níbí: fóònù tí wọ́n gbé wá gbaná fa bátìrì gbẹ, oògùn sì bàjẹ́.

"O ò lè sọ pé rárá ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Èmi kẹ̀? Kí wọ́n lè pè mí ní ahun!"

Losalini bá so bátìrì kejì, ó ya wáyà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún aládùúgbò nìkan. Nígbà tí ìjì mìíràn jà, Apenisa ará ilé kejì gbé fóònù mẹ́ta dé.

"Mẹ́ta? Ṣé ọ̀run lo fẹ́ pè ni?"

Losalini gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín, ó so wọ́n mọ́ bátìrì kejì. Ní ọjọ́ kẹrin, bátìrì aládùúgbò ti kú. Oògùn ìyá rẹ̀ ṣì tutù.