Bàbá Jilani Kò Gba Wagọ́ọ̀nù

Gbogbo Gardimao ló mọ ìtàn ẹyẹ àkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di wèrè ni Lazhar, ọ̀gá tẹ́ṣàn rélùweè. Òun náà ló sì ń sọ ọ́ jù lẹ́yìn tí Bàbá Jilani kú.

Gardimao ni ìlú tó kángun sí ibodè ní ilẹ̀ Tùnísíà. Ibẹ̀ ni orí ọkọ̀ Àlgéríà ti ń já wagọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, tí orí ọkọ̀ Tùnísíà á fi fà wọ́n lọ sí etí òkun. Iṣẹ́ Bàbá Jilani ni láti yẹ wagọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wò kó tó gbà á, torí àléébù tí o kò bá tọ́ka sí kí o tó gba nǹkan, ó ti di tìẹ nìyẹn. Ẹni tó ń fa wagọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́ ni Bujemaa, ará Àlgéríà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí irunmú rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ní ìgbà òtútù, Bàbá Jilani dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wagọ́ọ̀nù kan tó kún fún èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò. Ó tẹ orí, ó mí kanlẹ̀.

“Àtẹ̀gùn wagọ́ọ̀nù yìí ti wọ́. Mi ò gbà á.”

“Ibo ló ti wọ́?” ni Bujemaa bi í.

“Ọ̀dọ̀ yín ni.”

“Ó nà tọ́ọ́rọ́ nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ojú ẹ ló rí tó fi wọ́.”

Wọ́n ti wagọ́ọ̀nù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ọ̀rọ̀ kò yanjú. Nígbàkigbà tí Bujemaa bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ará ilé ara wọn, wọ́n á béèrè òjò, wọ́n á wá dojú kọ àtẹ̀gùn. Wọ́n ń jà bẹ́ẹ̀ títí òtútù fi lọ, títí òdòdó fi bo etí odò Mejerda, títí àwọn ẹyẹ àkọ̀ fi fò dé láti ọ̀nà jíjìn. Takọtabo kan nínú wọn wo gbogbo ìlú yíká, wọn kò rí ohun tó dúró sójú kan bíi wagọ́ọ̀nù yẹn. Wọ́n kọ́ ìtẹ́ lé e lórí.

Ọjọ́ tí ẹyin wọ inú ìtẹ́ náà ni Bàbá Jilani àti Bujemaa kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan láti ìgbà tí wọ́n ti mọra: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wagọ́ọ̀nù.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣàánú mi,” ni Lazhar bẹ̀ wọ́n. “Ẹlẹ́rù ń béèrè ẹrù ẹ̀.”

“Kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹyẹ,” ni Bàbá Jilani dá a lóhùn. “Èmi ò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ abiyamọ.”

Ni fóònù bá dún láti Tunis. Ọ̀gá kan ní olú iléeṣẹ́ ń béèrè ohun tó dá wagọ́ọ̀nù kan ṣoṣo dúró láti ìgbà òtútù. Lazhar wo fóònù, ó yọjú wo òrùlé wagọ́ọ̀nù. “Ọ̀gá,” ó ní, “ó ń sàba lọ́wọ́ ni.”

Bí Bàbá Jilani bá ní òun kò gbà, ìdílé ló ti bá a. Nígbà tí àwọn Faransé ń la ojú irin náà láyé àtijọ́, igi ọ̀pọ̀tọ́ bàbá rẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ rà á, bàbá kọ̀. Wọ́n fi kún owó, ó kọ̀. Wọ́n halẹ̀, ó gbé ẹní wá sábẹ́ igi, ó sùn. Nígbẹ̀yìn wọ́n yí ojú irin gba ẹ̀yìn igi kọjá. Títí dòní, awakọ̀ tó bá fa òkúta irin láti Àlgéríà gbọ́dọ̀ tẹ bíréékì níbẹ̀, á sì ṣépè. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ti kú tipẹ́. Èpè nìkan ló ṣẹ́ kù.

Mabruka, ìyàwó Bàbá Jilani, náà ní tirẹ̀ láti sọ. “Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀, ó wá pe owó orí mi ní owó táṣẹ́rẹ́. Àmọ́ bàbá mi ò tíì panu dé tí Jilani fi ní, ‘Rárá o!’ Bàbá mi rò pé Jilani ń bínú pé wọ́n fojú tálákà wo òun ni. Ojú ti bàbá mi, ó fi kún un. Jilani tún ní, ‘Rárá!’ Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di ìlọ́po méjì.” Mabruka á wá pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. “Òun nìkan ni mo mọ̀ láyé tó ná ọjà títí ọjà fi gbówó lórí.”

Àárín irú ènìyàn yìí ni Lazhar já bọ́ sí. Ó ti Tunis dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti èrò pé ọkọ̀ ẹrù gbọ́dọ̀ máa lọ lásìkò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀, Bàbá Jilani dá wagọ́ọ̀nù bàrà kan dúró nínú oòrùn nítorí ìdè ilẹ̀kùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàrà ń hó nínú ibẹ̀ bí ọtí, omi rẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìlú wá ń lá a. Nígbà tí wọ́n máa fi rí ìdè mìíràn, kò sí bàrà mọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò sì lè rìn dé ilé.

Lazhar ní ó tó. Ó fi Bàbá Jilani sí ìsinmi, ó mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fethi wá láti Bizerte. Ọlọ́yàyà ni Fethi, ó sì máa ń yára. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wagọ́ọ̀nù bí ẹni ń gba atẹ́gùn, ó ń ní “ó dáa, ó dáa, ó dáa.”

Bujemaa dá a dúró. “Kí ló dé tí o ò wo abẹ́ ẹ̀?”

“Mo ti gbà á, bàbá.”

“O ti gba kí ni? Bíréékì ẹ̀ ń kùn bíi ìyàwó àbúrò mi, ìwọ sì gbà á?”

“Ẹ má ṣèyọnu, bàbá.”

Bujemaa yíjú sí awakọ̀ rẹ̀. “So wọ́n padà. Mi ò lè fa ọmọ mi lé ẹni tí kò béèrè ìdílé ẹ̀ lọ́wọ́.” Ó sì fa gbogbo wagọ́ọ̀nù náà padà sí Àlgéríà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yá jù lọ ní Gardimao ni ẹrù kankan kò kọjá.

Kò sí ohun tí Lazhar lè ṣe ju kó gba ilé Bàbá Jilani lọ. Ó bá a níbi tó ti ń fi búrẹ́dì run àrísà, ìyẹn ata lílọ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá.”

“Mo fẹ́ ìbòòji lẹ́bàá ojú irin,” ni Bàbá Jilani wí. “Oòrùn ń pa mí.”

“Mo gbà.”

Bàbá Jilani gbé búrẹ́dì kalẹ̀. “Kí lo wí?”

“Mo ní mo gbà, bàbá.”

“Báyẹn náà lo ṣe ń gba nǹkan? Jáde. Padà sẹ́nu ọ̀nà, kan ilẹ̀kùn, wọlé, kó o sì kọ̀ fún mi. Ṣé ọrẹ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ ni?”

Lazhar, ọ̀gá tẹ́ṣàn, jáde. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó kọ̀. Bàbá Jilani rẹ́rìn-ín títí dé etí, ó fa àga fún un, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Lazhar máa fi dìde, yàtọ̀ sí ìbòòji, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tẹ́ṣàn á máa po tíì fún Bàbá Jilani láràárọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Lazhar jà fún ni pé kí ṣúgà rẹ̀ má pọ̀ jù. Kò rí i gbà.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kúrò ní ẹ̀rín. Tunis ní bí ọkọ̀ ẹrù bá ń pẹ́ báyìí ní ibodè, àwọn yóò kúkú kó ẹrù sórí tírélà, àwọn á ti tẹ́ṣàn pa. Bẹ́ẹ̀, ẹnu tẹ́ṣàn yẹn ni Gardimao ti ń jẹun: alágbàrù, alásè, alágbẹ̀dẹ, títí dé ẹni tó ń ta ẹyin síse fún awakọ̀. Ọ̀gá àgbà kan ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun wò ó.

Lazhar ká àwọn ọkùnrin méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn ọ́fíìsì. “Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Lónìí nìkan, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn yín.”

“O ò ní gbọ́ ọ,” ni Bàbá Jilani ṣèlérí.

“Kò ní gbọ́ tèmi ná,” ni Bujemaa wí.

“Tèmi ni kò ní kọ́kọ́ gbọ́.”

“Ẹ dákẹ́!” ni Lazhar pariwo.

Wọ́n mú ìlérí ṣẹ. Ọ̀gá àgbà dúró pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Bàbá Jilani na ìka sí abẹ́ wagọ́ọ̀nù, ó káwọ́ lórí. Bujemaa lu àyà, ó tọ́ka sí ọ̀run. Bàbá Jilani kọ ẹ̀yìn sí i. Bujemaa ju fìlà mọ́lẹ̀, ó mú un, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó tún jù ú mọ́lẹ̀. Wọn kò lanu. Omi lé ròrò sójú ọ̀gá àgbà.

“Lazhar,” ó ní, “mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń gba odi síṣẹ́ níbí. Ẹ kú àánú.”

Bí wọn kò ṣe ti tẹ́ṣàn mọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ ọ̀gá àgbà kò tíì yí kọ́nà tán tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ti gbé mì láti àárọ̀ fi jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹyẹlé fi fò kúrò lórí òrùlé.

Ọdún ń gorí ọdún, wagọ́ọ̀nù tó ń kọjá ń dín kù, àyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá Jilani. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Jenduba. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀.

“Bàbá, orúnkún yín ti jẹ. Ojú yín ń ṣú. Ọkàn yín náà ti rẹ̀ gan-an.”

“Mo gba orúnkún,” ni Bàbá Jilani wí. “Ojú, a lè jọ sọ ọ́. Ọkàn, mi ò gbà á. Ó dáa nígbà tí mo gbé e wọlé.”

Bujemaa gbọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kó bá orí ọkọ̀ kọjá Gardimao dé Jenduba, pẹ̀lú dàbínù nínú aṣọ. Lazhar ló mú un dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí Mabruka jókòó sí. Lazhar ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí ariwo tó ń bọ̀.

Bujemaa jókòó, ó túnra mú. “Òjò ọdún yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ti rọ̀ jù.” Ó ń retí kó jiyàn.

“Òótọ́ ni,” ni Bàbá Jilani wí jẹ́jẹ́.

Bujemaa wo Lazhar. Ó tún gbìyànjú. “Ólífì wa náà dáa ju tiyín lọ.”

“Ó dáa jù ú.”

“Jilani! Mo ní kúskúsì ìyàwó mi dùn ju ti Mabruka!”

Mabruka gbé orí sókè.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá Jilani wí.

Bujemaa fò dìde. “Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi! Nọ́ọ̀sì! Ẹ sáré wá o! Ẹ wá wo ọkùnrin yìí, ara ẹ̀ ò yá rárá!” Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ tí Lazhar ti dé Gardimao ló ti ń gbàdúrà kí Bàbá Jilani gba nǹkan kan, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Báyìí tó ti gbà, ó wu Lazhar kó bẹ̀ ẹ́ pé kó yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Bàbá Jilani na ọwọ́, ó fa ẹ̀wù Bujemaa. “Má tíì lọ. Jókòó di alẹ́.”

“Ọkọ̀ ń dúró dè mí,” ni Bujemaa wí sí ògiri. “Tí mo bá ti mu tíì tán, mo ti lọ.”

“Di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀.”

Bujemaa yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó fi apá nu imú. “Di ìrọ̀lẹ́. Mi ò fi kún un mọ́.”

“Ìrọ̀lẹ́ yẹn ti wọ́,” ni Bàbá Jilani wí, ó sì di ojú. Bujemaa jókòó di alẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Jilani kú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, Lazhar wà lọ́jà, ó tò sẹ́yìn Mabruka níwájú Sliman, ọkùnrin tó ń ta ata. Sliman pe iye tó ń ta ata. Mabruka san án láìjanpata, bó ṣe máa ń wù ú láti ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó gbé ata, ó rìn síwájú díẹ̀, ó dúró. Ó padà wá, ó gbé ata kalẹ̀.

“Ó wọ́n jù,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni tó ń wọ bàtà ẹlòmíràn wò.

Sliman wò ó. Ì bá dín owó kù kí ó sì parí. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ gbá itan gbàà, ó kígbe, “Ó wọ́n kẹ̀? Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ mi febi sùn ni?”

“Ọmọ ẹ wo? Àwọn tó sanra ju àgùntàn iléyá lọ yẹn?” Ohùn Mabruka ti ń ga. “Ata tó rọ bí etí àgbà yìí?”

Wọ́n kọjú síra. Èrò pọ̀ lẹ́yìn Lazhar, ẹnì kan pòṣé, òmíràn ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ráyè rajà. Lazhar yíjú sí wọn, àpò rẹ̀ ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ní sùúrù,” ó ní. “Wọn ò tíì parí.”