Erékùṣù Tí Èmi àti Àǹtí Kò Dé

Mo rántí bí omi ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó ṣe máa ń rùn, òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sí i, tí kì í kúrò lára ẹni títí di ọjọ́ kejì. Àwa obìnrin méjì tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni a máa ń wọ inú omi náà ní òwúrọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó dé láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. A ó di irin etí rẹ̀ mú bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ wọ́ lọ, a ó máa fi ẹsẹ̀ gbá omi. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa á ní, "Mọ́mì, ẹ tú ọwọ́ yín sílẹ̀, omi á gbé yín." Èmi á ní kí ó kọ́kọ́ bi omi bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkejì mi nínú omi yẹn ni mò ń pè ní Àǹtí. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, òun ni ó sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé-ìwé girama tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Bíbélì ni èmi ń kọ́ wọn. Opó ni òun, opó ni èmi náà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà ní Kánádà. Gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ni ó fi ń ya òkun sójú pátákó: ìgbì rèé, èbúté rèé, erékùṣù rèé. Ṣùgbọ́n òkè ló yí wa ká ní Èkìtì. Àǹtí kò fojú kan òkun rí.

Kò pẹ́ tí èmi náà fẹ̀yìn tì ni ó pè mí sílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi. Fídíò ni. Erékùṣù kékeré kan ni, nínú òkun kan náà tó ń fọ́ sí etíkun orílẹ̀-èdè tiwa, ṣùgbọ́n èdè Potogí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Igi àgbọn tẹ̀ wá sójú omi. Àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ lórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìgbì á ru sókè lẹ́yìn wọn, wọn á fò dìde dúró lórí pákó náà, ìgbì á sì gbé wọn wá sétí ilẹ̀ bí ìyá tó pọn ọmọ. Obìnrin kan wà láàrin wọn tí irun orí rẹ̀ funfun báláú.

"Ṣé o rí i?" Àǹtí bi mí. "Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í kánjú níbẹ̀. Ohun yòówù kí o béèrè, 'jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́' ni wọn á fi dá ọ lóhùn. Ibẹ̀ ni à ń lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Àǹtí, ẹ̀yin tí orúnkún yín ń ké bí ìlẹ̀kùn tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn!"

"Mi ò sọ pé mo fẹ́ gun ìgbì. Mo fẹ́ jókòó sínú yanrìn, kí ó wá bá mi níbẹ̀. Mo ti ròyìn rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ jù láì rí i." Ó gba fóònù náà padà lọ́wọ́ mi. "Ṣùgbọ́n bí ìgbì kan bá ní kí n gun òun, mi ò ní kọ̀."

Bí ìpalẹ̀mọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n má sọ fún àwọn ọmọ òun, àfi bí a bá dé tí a sì kó fọ́tò wálé, kí wọ́n má baà béèrè ohun tí ìyá àgbà ń wá lójú òkun. A gba ìwé ìrìnnà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Télọ̀ kan ní Ìyìn rán aṣọ ìwẹ̀ fún wa, ó bo apá, ó bo orúnkún. Nígbà tí a wọ̀ ọ́ tán, a dà bí ẹni tó ń lọ fa oyin. Ìdààmú tèmi kò ju ti oúnjẹ lọ. Mo lọ wa iṣu nínú oko mi ní Ìjan, mo ń sá a sóòrùn kí n lè lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́ dání, bí ẹni pé ebi ti ń pa àwọn ará erékùṣù náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ìjọ Aládùúrà tí mò ń lọ, wòlíì kan ní òun rí omi ńlá níwájú mi, kí n fi ọwọ́ gidi mú àdúrà. Mo sáré lọ sọ fún Àǹtí. Ó ní, "Ó ríran dáadáa. Òkun náà là ń lọ."

A ti ṣe àdéhùn pé bí òjò bá ti dá ni a ó lọ. Ṣùgbọ́n òjò kò tíì dá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi pè pé òun lóyún, kí Mọ́mì wá bá òun tọ́jú ọmọ. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní yọ̀? Mo bá a jó nínú pálọ̀ rẹ̀. "Jẹ́ kí n lọ wẹ ọmọ kí n padà," ó ní. "Òkun ò níbi tó ń lọ."

Ó lọ. Ọmọ yẹn kò tíì mọ ìrìn rìn tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà fi bímọ. Láti ilé kan, Àǹtí bọ́ sí èkejì. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tèmi dàgbà tán, ó ṣì ń tọ́mọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọkọ́mọ. Wọ́n ń fún un jẹ, wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni àwọn fúnra wọn ń ṣiṣẹ́. Yorùbá bí èyí tí a kọ sínú ìwé ni Àǹtí máa ń sọ. Àfi bí nǹkan bá dùn ún ni Èkìtì máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó pè mí, yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀. "Àbúrò," ó ní, "ulé ń wù mí."

"Ẹ máa bọ̀, Àǹtí."

"Ọmọ ń sunkún," ó ní, ó sì pa fóònù.

Ó padà wálé nígbà ọyẹ́. Ó ti rù, bí ó bá sì rìn díẹ̀, á dúró mí. A tún lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà, ṣùgbọ́n etí omi ló ń jókòó sí, tó ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. A tún dá ọjọ́ mìíràn. Mo ń fi ọ̀rọ̀ iṣu gbígbẹ mi pa á lẹ́rìn-ín nílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan ni fóònù dún. Ó gbé e sí gbangba kí èmi náà lè kí ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí. Oyún mìíràn ti dé. "Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fi mí sí, ọkọ mi náà kì í sí nílé. Ta ni màá gbé ọmọ fún?" Ó bú sẹ́kún.

Àǹtí wò mí. Mo mi orí pé rárá. Ó gbójú kúrò lára mi. "Màá wá, ọmọ mi. Dákẹ́, màá wá."

Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná rẹ̀ lọ, mo ń fọ abọ́. Ó tẹ̀ lé mi.

"Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú."

"O ń bínú. Abọ́ tó mọ́ lò ń fọ̀ yẹn."

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ máa ṣe tara yín?"

Ó fara ti ìlẹ̀kùn. "Bí mo bá kọ̀ fún un, mi ò ní gbádùn òkun yẹn. Ẹkún rẹ̀ ni màá máa gbọ́ nínú ìgbì."

Mo gbé abọ́ náà kalẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo sìn ín dé ibùdókọ̀, a dì mọ́ ara wa, kò sì sí ẹni tó dárúkọ erékùṣù.

Ó rí ọmọ tuntun náà, ó wẹ̀ ẹ́, ó pọ̀n ọ́n. Kí òtútù ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó sùn, kò jí mọ́. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú náà, àwòrán á dúró gbagidi, á tún lọ, orin á já lẹ́nu wọn láàrin ẹsẹ. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí a dìde, èmi nìkan dìde dúró nínú pálọ̀ mi ní Adó.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin wálé, ó sì kó àwọn ọmọ wá kí mi. Wọ́n ń lé adìyẹ mi káàkiri àgbàlá. Ó jókòó tì mí, ó sì ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù. Ṣé nǹkan kan wà tí Mọ́mì fẹ́ ṣe láyé tí wọn ò rí ṣe? Mo máa ń bi wọ́n, wọ́n á ní kò sí."

Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un sínú, ọ̀rọ̀ tó korò. Mo gbójú sókè, ojú Àǹtí gan-an ló ń wò mí, tó ń retí. Gbogbo ohun tí mo tò wó lulẹ̀.

"Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́," mo ní.

Ó gbé orí lé itan mi, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan tó gbọ́ díẹ̀ nínú ìtàn yìí máa ń ní kí n dá lọ sí erékùṣù náà. Ẹsẹ̀ mi kò gbà á mọ́, ọkàn mi pàápàá kò gbà á. Mi ò kábàámọ̀ èsì tí mo fún ọmọ náà, nítorí kì í ṣe irọ́. Àǹtí fẹ́ wọn ju ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ó sì fẹ́ òkun. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ èkíní, wọn yóò sì máa sọ ọ́ fún ọmọ tiwọn. Èmi nìkan ni mo mọ èkejì dunjú, èmi náà sì ti ń darúgbó.